Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ lè gbà ta sọ́fítíwíà sókè òkun láti Àkúrẹ́

Alẹ́ Sátidé kan ni ọ̀gá akọrin kan ní Dublin ra sọ́fítíwíà mi. Dọ́là 30 ló san. Inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù lọ bá ìyàwó mi ní kíṣìnì kó lè fojú ara rẹ̀ rí àlẹ́ẹ̀tì náà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́tà wọlé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, nǹkan yín dára gan-an. Akápò ìjọ wa ní kí n gba rìsíìtì tó ní VAT lọ́wọ́ yín, kí nọ́ńbà VAT yín sì hàn lórí ẹ̀."

Nọ́ńbà VAT, owó orí tí wọ́n ń lé mọ́ iye ọjà, wo? Mo jókòó sí yàrá mi ní Ìjọ́kà, iná ti lọ, ínfátà ń ké pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́, mo ń wo ìbéèrè náà bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n ní kó ki oríkì àna rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń tà: sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ tonic sol-fa ni. Ẹni tó bá ti ṣe akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí mọ ìyà náà. Ọ̀gá akọrin á fi Microsoft Word tò d:r:m, á fi àlàfo tẹ̀ ẹ́ síbi tó fẹ́, tó bá fi máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ohùn ténọ̀ á ti sá kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ orin. Tèmi máa ń tò ó gún. Àwọn tó ń rà á pọ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ àwọn tó ń san owó gidi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston, Dublin àti Jámánì, níbi tí àwọn ọmọ wa ti dá ìjọ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí lẹ́tà yẹn ti dé, mo ti gbìyànjú méjì nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, mo fi ọ̀kan tọ́ fóònù wò, ọ̀kan tó kù ni ọ̀rẹ́ mi ń lò, tí mo sì ń rí ojú rẹ̀. Ohun tó yé mi ni pé ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi ara wa kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. A máa ń bèèrè pé èló ni wọ́n máa gé. Òfin ò béèrè ìyẹn. Òfin ń béèrè pé ta ló tà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí rìsíìtì ni ìjọba ìlú oníbàárà mọ̀, òun náà ni oníbàárà máa mú.

Ìpínlẹ̀ kòkó la wà, ẹ jẹ́ ká fi kòkó wò ó. Àgbẹ̀ tó gbé kòkó gbígbẹ wá láti Ìdànrè lè gbé e ka orí ìwọ̀n ẹni tó ń ra kòkó, kó gba owó rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ padà sóko. Kí kòkó yẹn tó dé Amsterdam, ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù á pọ̀, àmọ́ àgbẹ̀ kọ́ ló máa buwọ́ lù ú. Ó sì lè ní òun ò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ lára èrè òun, kó háyà ọkọ̀, kó gbé e lọ sí Àpápá fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà dáa, tó bá mọ gbogbo ìwé tó ń dúró dè é níbẹ̀.

Kí ẹ tà á fúnra yín

Ọ̀nà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ ní sáìtì, ẹ so Paystack tàbí Flutterwave mọ́ ọn, oníbàárà fi káàdì sanwó, owó wọlé. Paystack ń gba 1.5% àti ₦100 lórí káàdì Nàìjíríà, kì í sì í kọjá ₦2,000. Lórí káàdì òkèèrè, 3.9% àti ₦100 ni. Gígé rẹ̀ wà lára èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń kọ́kọ́ sáré síbẹ̀.

Àmọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ta nǹkan kan. Agbowó ni. Ẹ̀yin lẹ tà á, orúkọ yín ló wà lórí rìsíìtì, gbogbo ohun tí òfin bá sì béèrè lọ́wọ́ olùtà, ọrùn yín ló wà.

Ẹ wo Yúróòpù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2015, òfin EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni pé tí èèyàn lásán bá ra sọ́fítíwíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, VAT ibi tí olùrà ń gbé ni wọ́n máa san, ibi yòówù kí olùtà wà. 23% ni ní Ireland, 19% ní Jámánì, 20% ní Faransé, ó sì tó 27% ní Hungary. Wọ́n ṣe ìdẹ̀ra díẹ̀ fún àwọn olùtà tó wà nínú EU fúnra wọn: tí ohun tí wọ́n tà sí àwọn ìlú yòókù kò bá tíì tó yúrò 10,000 lọ́dún, wọ́n lè máa san VAT ilé wọn. Àwa tó wà ní Àkúrẹ́ kò sí nínú ìdẹ̀ra yẹn. Látorí oníbàárà àkọ́kọ́ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú dọ́là 30 tí mo ń jó sí lálẹ́ Sátidé, dọ́là 5.61 kì í ṣe tèmi rárá: dọ́là 24.39 ni iye ọjà, 23% rẹ̀ ni VAT.

Wọn ò fi èèyàn sílẹ̀ láìlọ́nà o. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni ètò tí wọ́n ń pè ní One Stop Shop ti wà. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nínú EU (èmi ì bá mú Ireland, nítorí èdè), ẹ ó máa kọ ìwé ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ó san gbogbo VAT náà pa pọ̀ síbẹ̀, àwọn ni yóò pín in láàárín ara wọn. Lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí méjì tí kò ta ko ara wọn nípa ibi tó ń gbé: àdírẹ́sì tó kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí káàdì rẹ̀ ti wá, tàbí ibi tí nọ́ńbà IP rẹ̀ (àdírẹ́sì ẹ̀rọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) fi hàn. Àkọsílẹ̀ yẹn, ọdún mẹ́wàá lẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ìlú Ọba ti kúrò nínú EU, ó sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ owó orí wọn: 20%, látorí ìtajà àkọ́kọ́ náà ni fún ẹni tó bá wà lókè òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Arákàlé rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún wọn. "Àbúrò, ta ló máa ti Yúróòpù wá sí Ìjọ́kà wá gba dọ́là márùn-ún?" Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó máa wá." Ibẹ̀ kọ́ ló ti máa ń ta èèyàn lára. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé tàbí ìjọ ńlá kan bá fẹ́ ra ogójì ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí akápò wọn sì ní òun ò lè sanwó láìrí rìsíìtì tó pé, ọjọ́ yẹn ló máa ta yín lára. Lọ́jọ́ tí olówó kan bá fẹ́ bá yín dá owó pọ̀, tí lọ́yà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò VAT ọdún márùn-ún tí ẹ kò san, ọjọ́ yẹn náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nígbà tí mo sọ ti ogójì ẹ̀dà.

Amẹ́ríkà kò le tó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, ó kéré tán fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ṣì kéré. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dá ẹjọ́ ìpínlẹ̀ South Dakota àti Wayfair, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìpínlẹ̀ lè gba owó orí ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n wà fún un: $100,000 lọ́dún ní South Dakota fúnra rẹ̀, $500,000 ní Texas tí Houston wà. Àwọn akọrin Houston kò tíì fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. California kì í tiẹ̀ gba owó orí ọjà lórí sọ́fítíwíà tí èèyàn dáńlódù láìsí páálí tàbí sídíì.

Ọ̀rọ̀ dídá owó padà náà ń bẹ níbẹ̀. Ará EU tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Fún ohun tí wọ́n ń dáńlódù, ẹ̀tọ́ yẹn lè kúrò, àmọ́ àyàfi tí oníbàárà bá fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i kó tó dáńlódù pé òun fẹ́ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ti lọ. Sáìtì mi kò ní àpótí kékeré yẹn fún odidi ọdún kan. "Kò sí àdápadà owó" ni mo kọ síbẹ̀ gàdàgbà, bí àwọn ṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri. Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ ògiri lásán ni.

Kí alágbàtà tà á

Alágbàtà ni mo ń pè é nítorí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó gba ọjà lọ́wọ́ mi, ó fi orúkọ ara rẹ̀ tà á fún oníbàárà, ó sì fún mi ní tèmi. Merchant of record ni wọ́n ń pè é nínú ìwé àdéhùn. Paddle, Lemon Squeezy, FastSpring àti Gumroad wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Orúkọ wọn ló máa wà lórí rìsíìtì, nọ́ńbà VAT wọn, àdírẹ́sì wọn. Àwọn ló ń wá ẹ̀rí méjì, àwọn ló ń kọ ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ má baà ta nǹkan sí ìlú tí òfin Amẹ́ríkà dí ọ̀nà rẹ̀.

Paddle àti Lemon Squeezy ń gba 5% àti sẹ́ǹtì 50. Gumroad, tó di alágbàtà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ń gba 10% àti sẹ́ǹtì 50, ó sì ń gba 30% tó bá jẹ́ inú ọjà tirẹ̀ ni oníbàárà ti pàdé yín. Ojú àwa ọlọ́jà á kọ́kọ́ ṣókùnkùn: 5% sí 3.9%, kí wá ni sẹ́ǹtì 50 lé e?

Ẹ jẹ́ ká fi dọ́là 30 Dublin ṣírò rẹ̀. Tí mo bá tà á fúnra mi, tí mo sì pa òfin mọ́, VAT á gbé 5.61, agbowó á gbé 1.17 àti ₦100. Ohun tó kù lé díẹ̀ ní dọ́là 23. Tí Paddle bá tà á ní iye kan náà, VAT ṣì jẹ́ 5.61, Paddle á gbé dọ́là 2. Ó ku dọ́là 22.39. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó dọ́là kan. Ẹni tó bá ní Paystack dín owó púpọ̀ sí ti Paddle, VAT tí kò san ló ń kà mọ́ èrè. Mo ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ One Stop Shop títí dé ìdajì, mo wo iye wákàtí tí ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta máa jẹ, mo pa á dé.

Alágbàtà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Wọ́n máa yẹ sáìtì yín wò kí wọ́n tó gbà yín: wọ́n fẹ́ rí iye ọjà, ìlànà àdápadà owó, àdéhùn ìlò, àti ohun tí ẹ ń fi ìsọfúnni oníbàárà ṣe. Wọ́n lè dá owó padà fún oníbàárà láìbi yín. Ohun tó sì yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan sórí fọ́ọ̀mù wọn ni pé ṣé wọ́n ń sanwó sí Nàìjíríà, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà san án, nítorí àtòjọ ìlú tí wọ́n ń bá ṣe máa ń yí padà. Alágbàtà àkọ́kọ́ tí mo lò, mi ò ní dárúkọ wọn, di owó mi mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ni mo ṣe? Orúkọ iṣẹ́ tí mo fi forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni mo kọ, àkáǹtì dọ́là tí mo fún wọn sì wà ní orúkọ tí ìyá mi sọ mí. Ẹ rí i dájú pé orúkọ orí fọ́ọ̀mù, ti orí NIN tàbí ìwé CAC, àti ti orí àkáǹtì jẹ́ ọ̀kan náà, títí kan orúkọ àárín.

Bí wọ́n ṣe rí tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí:

| | Fúnra yín | Alágbàtà | Ìsọ̀ Google tàbí Apple | Ilé iṣẹ́ ní Delaware |
|---|---|---|---|---|
| Orúkọ orí rìsíìtì | Tiyín | Tiwọn | Tiwọn, àmọ́ tiyín hàn lójú ìsọ̀ | Ti ilé iṣẹ́ yín |
| Gígé | 3.9% + ₦100 | 5% + ¢50 sókè | 15%, lẹ́yìn náà ó lè pọ̀ sí i | Ti Stripe (agbowó ní Amẹ́ríkà), pẹ̀lú owó ọdọọdún |
| VAT Yúróòpù | Ẹ̀yin | Àwọn | Àwọn | Ẹ̀yin ṣì ni |
| Ohun tó lè dá yín lóró | Gbèsè tí ẹ ò rí | Kí wọ́n ti àkáǹtì pa | Kí wọ́n yọ áàpù yín | Fọ́ọ̀mù tí ẹ gbàgbé |

Ìsọ̀ Google àti Apple

Tí ohun tí ẹ ṣe bá jẹ́ ti fóònù, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ní yíyàn tó pọ̀. Dọ́là 25 lẹ máa san fún Google lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Google ń gé 15% lórí mílíọ̀nù kan dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tó bá lé. Apple náà ní ètò 15% fún àwọn tí kò bá tíì tó mílíọ̀nù kan, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un. VAT Yúróòpù kò kàn yín níbẹ̀. Lórí dọ́là 30, 15% jẹ́ 4.50, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí Paddle gbà, àmọ́ àwọn náà ló ń kó èrò wá.

Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì tara rẹ̀ pẹ̀lú Google lẹ́yìn oṣù Kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá èèyàn 12 tó máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́ dúró. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mi ni mo lò, ohùn báàsì méjì sì yọ áàpù kúrò lọ́jọ́ kẹsàn-án nítorí dátà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ti àdírẹ́sì. Tí ẹ bá ń gbowó lórí Google Play, àdírẹ́sì yín máa hàn fún gbogbo ayé. Apple náà ń fi ti àwọn olùtà hàn ní EU, àdírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì, nítorí òfin wọn. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n sì ti ń yọ áàpù àwọn tí kò sọ bóyá olùtà ni àwọn tàbí wọn kì í ṣe olùtà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjọ́kà, tí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, yẹ kó rò ó dáadáa. Ẹ lè lo àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí ẹ̀ ń yá lò, bó tilẹ̀ jẹ́ tábìlì kan ṣoṣo ní Alágbàká, bí ẹ bá ṣáà lè gba lẹ́tà níbẹ̀.

Wọ́n tún máa fún yín ní fọ́ọ̀mù W-8BEN. Kò le. Ó ń jẹ́rìí pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Apá tó ń béèrè nípa àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹ fò ó: Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní irú àdéhùn yẹn lórí owó tó ń wọlé. Mo ti rí ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn sínú àpótí náà nítorí pé ó rò pé òfìfo kò dáa.

Ilé iṣẹ́ ní Delaware

Ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń sọ jù lẹ́nu ọ̀nà South Gate FUTA, bí ẹni pé ó jẹ́ físà. Ẹ san dọ́là 500 fún Stripe Atlas, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín ní ìpínlẹ̀ Delaware, ẹ ní àkáǹtì Stripe tí ẹni tó wà ní Nàìjíríà kò lè ṣí tààrà. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ gba owó àwọn olùdókòwò Amẹ́ríkà, tàbí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ agbowó ni Stripe náà. VAT Dublin ṣì wà lọ́rùn olùtà, orúkọ olùtà ló kàn yí padà. Ẹni tó bá tìtorí VAT lọ sí Delaware kàn fi owó ọkọ̀ ṣòfò ni.

LLC, irú ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ń san dọ́là 300 fún ìjọba Delaware kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, ìbáà má ta nǹkan kan. Ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà tó bá dá nìkan ni LLC gbọ́dọ̀ máa fi Form 5472 ránṣẹ́ sí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún, kódà tí kò bá jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ìtanràn ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ jẹ́ dọ́là 25,000. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo ọ̀nà yìí dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó ta ẹ̀dà mẹ́ta, ó gbàgbé rẹ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tí mo ka iye ìtanràn yẹn fún un, ó fi ìgbálẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àga. Ó ti wá ẹni tó ń bá a kọ ìwé náà báyìí, owó tó ń san fún onítọ̀hún sì ju èrè tó rí lọ.

Ohun tí èyíkéyìí nínú wọn kò gbà lọ́rùn yín

Owó orí ilé ni àkọ́kọ́. Owó tó ti Paddle tàbí Delaware wá ṣì jẹ́ owó yín, ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà sì ń san owó orí lórí ohun tó rí níbi gbogbo láyé. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín tàbí orúkọ iṣẹ́ lásán lẹ fi ń tà, ọ̀dọ̀ ODIRS, owó orí ìpínlẹ̀ wa, lẹ ó ti ṣe é, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ilé iṣẹ́ limited, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni tirẹ̀.

Èwo wá ni kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC nínú méjèèjì? Orúkọ iṣẹ́ rọrùn, kò sì wọ́n, àmọ́ ẹ̀yin àti òun jẹ́ ọ̀kan náà lójú òfin: ẹni tó bá pe iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ti pe yín, mọ́tò yín àti ilẹ̀ yín ní Ọbà-Ilé wà nínú rẹ̀. Limited jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀. Látìgbà òfin CAMA, òfin ilé iṣẹ́ wa, ti ọdún 2020, èèyàn kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ìpín tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ₦100,000. Ẹni tó bá ń tà sókè òkun fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà àkọ́kọ́, mi ò ní gbà á níyànjú kó lo orúkọ iṣẹ́ lásán. Ẹni tó wà lẹ́yìn alágbàtà lè ṣì ní sùúrù. Méjèèjì kò sì dáàbò bo orúkọ ọjà yín: trademark ni ìyẹn, ìwé ọ̀tọ̀ ni, Nàìjíríà ń fún yín ní ọdún méje àkọ́kọ́, ibi tí ẹ bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló sì ti lágbára.

Ti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ló kàn, ibẹ̀ ni ojú ti tì mí jù. Mo kó orin 12 sínú sọ́fítíwíà náà bí àpẹẹrẹ. Mọ́kànlá jẹ́ orin ìyìn àtijọ́ tí àwọn tó kọ wọ́n ti kú ju àádọ́rin ọdún lọ, wọ́n ti di ti gbogbo ayé. Ìkejìlá jẹ́ áńtẹ́mù kan tí gbogbo akọrin níbí mọ̀, mo ṣáà rò pé àgbàlagbà tó kọ ọ́ ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí. "Bàbá wà láàyè o. Wọ́n ní kí n bi yín pé èló lẹ ti tà." Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òde-Oǹdó, mo dọ̀bálẹ̀, bàbá fún mi ní omi mu, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi pé ohùn áltò tí mo kọ síbẹ̀ kò tiẹ̀ tọ̀nà. Mo yọ orin náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn níbi tí lọ́yà ilé iṣẹ́ orin Lọ́ńdọ̀nù jókòó sí.

Ohun kan náà ni pẹ̀lú kóòdù tí ẹ bá yá lò. Ìwé àṣẹ máa ń wà lórí rẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní MIT, ẹ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sí i, ó tán. Èyí tó wà lábẹ́ òmíràn tó ń jẹ́ GPL, tí ẹ bá fi kọ́ sọ́fítíwíà tí ẹ̀ ń pín fáwọn èèyàn, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kóòdù tiyín náà, òun náà sì lè pín in. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fi iye lé ọjà, àti irú lẹ́tà (font) tí ẹ fi ń kọ̀wé, àti àwòrán kéékèèké orí bọ́tìnì. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì lẹ gbà kó kọ apá kan fún yín, ẹ jẹ́ kó buwọ́ lu ìwé pé tiyín ni. Ìwé kan péré ni, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èyí tó kẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá akọrin bẹ̀ mí pé kí n fi ìwé orúkọ kún un: ta ló wá, ta ló pa ìdánrawò jẹ, nọ́ńbà fóònù wọn, kí ó máa wà lórí sáfà mi. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì kí n tó ka GDPR, òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ẹ̀sìn wà lára ohun tí òfin yẹn fi ọgbà méjì yí ká. Orúkọ èèyàn nínú ìwé akọrin sì ti sọ ẹ̀sìn rẹ̀ fún ẹni tó bá kà á. Òfin ìsọfúnni tiwa ní Nàìjíríà, ti ọdún 2023, wí bákan náà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi Yúróòpù tó ń kó irú rẹ̀ jọ déédéé gbọ́dọ̀ yan aṣojú síbẹ̀, ìtanràn tó ga jù sì tó 20 mílíọ̀nù yúrò tàbí 4% gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ tà lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Kò sí alágbàtà tó máa gba ìyẹn rù fún yín. Ìsọfúnni ẹni tó sanwó nìkan ló kan àwọn. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ìwé orúkọ wà báyìí, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ọ̀gá akọrin ló wà, èmi ò rí i.

Èwo ni kí ẹ mú?

Tí gbogbo oníbàárà yín bá wà ní Nàìjíríà, tí ti òkèèrè kàn ń já wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ta ti ilé pẹ̀lú Paystack, kí ẹ sì darí àwọn ti òkèèrè sọ́dọ̀ alágbàtà. Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn, ojú ìwé ìsanwó méjì lórí sáìtì kan. Tó bá jẹ́ ti fóònù, ìsọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ńláńlá mẹ́ta-mẹ́rin ní Amẹ́ríkà ló ń rà, tí owó náà sì tó owó akọ̀wé owó orí? Ẹ lọ sí Delaware. Kí ẹ ta gbogbo rẹ̀ fúnra yín sí Yúróòpù kò burú tó bá di pé ẹ̀ ń tà tó èyí tí ìyàtọ̀ sẹ́ǹtì yẹn fi lè san owó oṣù ẹnì kan. Èmi ò tíì débẹ̀.

Ọ̀gá akọrin Dublin ńkọ́? Mo dá dọ́là 30 rẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi lóṣù méjì. Ó padà wá, ó rà á lọ́dọ̀ alágbàtà, ó sì fi àwòrán rìsíìtì náà ránṣẹ́ sí mi: orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, nọ́ńbà VAT wọn, 23% tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lórí ìlà tirẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Akápò ti gbà á, sà. Ó ku kí ẹ tún ohùn ténọ̀ ojú ewé kejì ṣe, ó tún ti sá."